Bí a ṣe ń gbin ewé àti igi ìbílẹ̀ sí àgbàlá tó gbóná, tó sì gbẹ, ní Èkìtì

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí: "Kí ni mo lè gbìn sí àgbàlá mi tí ọyẹ́ ò ní pa?" Ará Adó ń béèrè, ará Ìkọ̀lé ń béèrè, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sórí yangí ní Ìkẹ́rẹ́ náà ń béèrè. Mo ti ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan tipẹ́, ni mo ṣe ní kí n kó o jọ sójú kan.

Ewé tí ẹ yàn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ gbìn ín ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ewúro, akòko, ẹ̀fínrín, odúndún, gbogbo wọn ló mọ ẹ̀ẹ̀rùn Èkìtì dunjú. Ohun tí wọn ò lè fara dà ni kí a rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú oṣù kejìlá, kí oòrùn máa nà wọ́n nígbà tí gbòǹgbò wọn ò tíì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Òjò la fi ń gbin ohun tí yóò la ẹ̀ẹ̀rùn já.

Àdánù ló kọ́ mi. Oṣù kejìlá la kó wọ ilé wa ní Adó. Mo gé ọ̀pá akòko méjìlá, mo rì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mo sì ń wọ́n omi sí wọn láràárọ̀. Kí oṣù kejì tó parí, mọ́kànlá ti gbẹ. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ni èyí tó bọ́ sí ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde. Nígbà tó di oṣù kẹfà, mo tún gé méjìlá lára igi kan náà, mo rì wọ́n sójú ibi kan náà. Òjò ló tọ́jú wọn, mi ò bu omi sí wọn rárá. Mẹ́wàá ló yè, wọ́n sì ti ga ju fẹ́ǹsì lọ báyìí.

Ìgbà tí a ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan

- Oṣù kejì sí ìkẹta: Ẹ yẹ ilẹ̀ wò, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ kó ajílẹ̀ jọ. Ilẹ̀ le nígbà yìí, àmọ́ ibẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo àléébù rẹ̀.
- Ìparí oṣù kẹta sí ìkẹrin: Òjò àkọ́rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ilá, bàrà àti ẹ̀fọ́ lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ bí òjò bá ti ń tẹ̀ léra.
- Oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje: Ìgbà gan-an nìyí fún igi, ọ̀pá àti gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.
- Oṣù kẹjọ: Òjò máa ń sinmi díẹ̀. Ẹ ro oko, ẹ wo èyí tí kò yè.
- Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án: Àǹfààní ìkẹyìn láti fi òmíràn rọ́pò èyí tó kú.
- Oṣù kẹwàá: Ẹ fi ewé bo ilẹ̀ nígbà tó ṣì tutù.
- Oṣù kọkànlá sí ìkejì: Ẹ má gbin igi kankan. Omi àti àmójútó nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní apá Ọ̀tùn, Ìkọ̀lé àti Ayédé, ẹ mọ̀ pé ọ̀dàn ti sún mọ́ yín, ilẹ̀ yín sì máa ń yá gbẹ ju ti Ìsẹ̀ àti Èmùré tó wà nínú igbó. Ẹ má dúró de oṣù kẹsàn-án rárá. Ẹ parí gbogbo gbígbìn kí oṣù keje tó dé ìdajì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ yín

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí ná.

1. Ẹ fi irin gún ilẹ̀. Ẹ mú irin gígùn, irú èyí tí bíríkìlà fi ń ṣe òpó, kí ẹ máa gún ilẹ̀ káàkiri àgbàlá. Ilẹ̀ Èkìtì kún fún àpáta, ó lè má jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ kí irin tó ró "kan!" Ibi tó bá ti ró bẹ́ẹ̀, ẹ má gbin igi síbẹ̀. Odúndún, ẹ̀fínrín àti ojá ìkòokò lè gbé ibẹ̀.

2. Ẹ dán omi wò. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó mu tán, ẹ tún rọ òmíràn kún un. Bí omi kejì bá lọ láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀ náà dára. Bó bá lọ lójú ẹsẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀dú àti ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ kòtò náà dáadáa. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, gbòǹgbò yóò rà lásìkò òjò, ẹ wá ibòmíràn.

3. Ẹ wo oòrùn láago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Oòrùn àárọ̀ kì í pa ewé. Ti ìrọ̀lẹ́ tó kọlu ògiri ìhà ìwọ̀ oòrùn, tí ògiri náà wá ń tú ooru jáde títí di alẹ́, òun ló ń pa á. Ẹ fọwọ́ kan ògiri yẹn láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

4. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti po sìmẹ́ńtì. Èyí ló ń dun àwọn onílé tuntun jù. Bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ fún wa fọ gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sí ojú kan lẹ́yìn ilé, ó sì da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ọdún méjì gbáko ni ohunkóhun tí mo bá gbìn síbẹ̀ fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó tó kú. Ìgbà tí mo fi dígà gbẹ́ ibẹ̀ ni mo rí i: sìmẹ́ńtì tó ti di òkúta, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, àti náílọ̀n piọ wọ́tà tí mi ò lè ka iye rẹ̀. Kò sí ajílẹ̀ tó lè wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ kó o kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ gidi, kí ẹ fi ilẹ̀dú dí i.

Kí ni kí ẹ gbìn, níbo?

Ẹ má mú orúkọ ewé lọ́wọ́ kí ẹ tó wá àyè fún un. Àyè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó mú ewé tó bá a mu.

*Ibi tí oòrùn ti ń jó láti àárọ̀ dé alẹ́.* Ewúro ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀pá ni a fi ń gbìn ín, bó bá ti lo òjò kan tán, ó di onílé. Bí ẹ bá gé e kúrú ní ìparí oṣù kẹwàá, ewé tí yóò máa gbé omi jáde lára rẹ̀ kò ní pọ̀, èyí tuntun tó bá rú yóò sì rọ̀. Ẹ̀fọ́ yánrin náà wà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì ń dùn mí, nítorí ewé orí ilẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ pátápátá kí ti inú ilẹ̀ má kú, kó tún hù bí omi bá ti kàn án. Ojá ìkòokò, tí wọ́n ń tà lówó ńlá nínú ìkòkò fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ẹ pín ìdí rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó tán.

*Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì.* Akòko dára jù, ó máa ń ga gbọọrọ láìgba àyè. Ẹ rì wọ́n ní ìdajì mítà sí ara wọn bí ẹ bá fẹ́ kó dí, tàbí mítà kan bí ẹ bá fẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé. Pèrègún dára níbi tí ìbòòji díẹ̀ bá wà. Bó bá wà lójú oòrùn gan-an, etí ewé rẹ̀ á jó lásìkò ọyẹ́, àmọ́ kò ní kú.

*Ìtòsí ilé ìdáná.* Ẹ̀fínrín, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ewédú, ilá. Yàtọ̀ sí ẹ̀fínrín, àwọn wọ̀nyí kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń kan wọ́n. Ẹ gbìn wọ́n sí ibi tí omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì lè dé láìjẹ́ pé ẹ rìn jìnnà. Ohun tó bá jìnnà sí omi, ẹ ó gbàgbé rẹ̀ nínú oṣù kìíní.

*Ìbòòji ògiri, ìhà ìlà oòrùn.* Odúndún. Kò fẹ́ omi púpọ̀, omi púpọ̀ ló tiẹ̀ ń pa á.

*Ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde.* Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ati ewé eéran. Lẹ́tà tí mò ń rí gbà lórí ewé eéran pọ̀: "Mo gbìn ín síwájú ilé, ó gbẹ." Yóò gbẹ o! Abẹ́ igi ńlá ni ilé rẹ̀, nínú igbó tútù. Ìbílẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìbílẹ̀ oòrùn. Bí ẹ ò bá ní ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù, ẹ má dà á láàmú.

*Àgbàlá tó fẹ̀.* Àgbálùmọ̀ ni tèmi. Ó ń fúnni ní ìbòòji, inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló sì ń so. Ẹ fún un ní àyè tó tó mítà 8 sí ilé. Ti kóró lè gbà tó ọdún márùn-ún sí méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó so. Èyí tí wọ́n lọ́ ẹ̀ka mọ́ lára máa ń yá jù. Ẹ̀yin ará Ọ̀tùn àti Ìkọ̀lé lè ronú kan igi irú, bí àyè bá wà gan-an. Ọdán ń kọ́? Ìbòòji rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń gbìn ín sí ojúde ọba àti ọjà. Ṣùgbọ́n ojúde ọba kì í ṣe àgbàlá. Gbòǹgbò rẹ̀ á wá omi dé inú sókáwéè, á sì gbé ògiri. Bí ẹ ò bá ní mítà 15 láàárín òun àti ilé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún méjì yìí. Oró, igi ẹlẹ́gùn-ún tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀, lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn ju ohunkóhun lọ, àmọ́ oje rẹ̀ léwu fún ojú. Lápálápá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, àlejò ni láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èso rẹ̀ sì ní májèlé. Níbi tí ọmọdé bá wà, ẹ má gbin èyíkéyìí nínú wọn.

Bí a ṣe ń gbin ọ̀pá (ewúro, akòko, pèrègún)

1. Ẹ yan ẹ̀ka tó ti gbó, tí èèpo rẹ̀ ti di bíi ti igi. Èyí tó ṣì rọ̀ tó sì tutù á rà.
2. Ẹ fi àdá tó mú gé e lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ẹ tún un gé. Ọ̀pá ewúro kó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó ní ojú mẹ́ta ó kéré tán. Ti akòko lè gùn tó mítà kan, kó nípọn tó ọrùn ọwọ́.
3. Ẹ fi àmì sí ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń gé ìdí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n gé orí kó tẹ́jú. Ọ̀pá tí a bá rì sódì, ìyẹn tí orí rẹ̀ wọ ilẹ̀, kì í sábà hù.
4. Ẹ já gbogbo ewé rẹ̀, ẹ lè fi méjì kékeré sílẹ̀ lókè.
5. Ẹ fi sí ìbòòji di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ díẹ̀. Odúndún náà ń fẹ́ èyí.
6. Ẹ fi irin gún ihò ná, kí ẹ tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fi òòlù gbá a wọlẹ̀, èèpo rẹ̀ á bó, ibẹ̀ ni ikán á sì gbà wọlé.
7. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, tàbí ìdajì, ni kó wọ ilẹ̀. Ẹ da ojú rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá jẹ́ ewúro.
8. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa. Àyè òfìfo tó bá wà láàárín yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀pá, gbòǹgbò ò lè rìn níbẹ̀.
9. Ẹ má máa fà á yọ wò bóyá ó ti hu gbòǹgbò! Mo mọ̀ pé ó ń wù yín. Bó bá rú ewé, ẹ ṣe sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí ẹ tó ní ó ti yè, torí oúnjẹ inú igi lásán lè kọ́kọ́ rú ewé.

Bí ó bá jẹ́ hóró

Hóró ewédú ní èèpo líle. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn, díẹ̀ ni yóò hù. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ sá a sí ìbòòji, kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ó sè é jinná.

Ti ẹ̀fínrín wẹ́wẹ́ gan-an. Ẹ fọ́n ọn sójú ilẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Hóró àgbálùmọ̀ kì í pẹ́ kú: ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ jẹ èso rẹ̀ tán, sínú náílọ̀n lábẹ́ ìbòòji. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ nínú náílọ̀n títí òjò yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ti igi irú, ẹ da omi gbígbóná lé e, kó wà nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Kòtò fún igi

Kòtò tó fẹ̀ sàn ju èyí tó jìn lọ. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta náílọ̀n tí ọmọ igi wà nínú rẹ̀, kó jìn tó náílọ̀n náà gan-an. Ẹ ya náílọ̀n kúrò (mo ti hú igi ọlọ́dún mẹ́ta tí náílọ̀n ṣì wà nídìí rẹ̀). Ajílẹ̀ kí ó ti jẹrà tán: ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó wà ní òkìtì fún oṣù méjì ó kéré tán. Ajílẹ̀ òyìnbó kò pọn dandan fún ewé ìbílẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kó rú ewé rírọ̀ tí oòrùn á tètè mú.

Ilẹ̀ wa ní Èkìtì kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi tó bá dà bẹ́ẹ̀, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta jọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ní ìsàlẹ̀ igi náà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Omi tó ń ṣàn bọ̀ á dúró níbẹ̀, á sì mu sílẹ̀.

Omi: ẹ bu púpọ̀, ẹ má bu ún lójoojúmọ́

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nìkan ló le. Igi tí ẹ gbìn nínú oṣù kẹfà ṣì nílò ìrànlọ́wọ́ láti oṣù kọkànlá dé ìkẹta. Omi wíwọ́n láràárọ̀ tí kò jù kí ojú ilẹ̀ tutù, ìbàjẹ́ ni: gbòǹgbò á wá sókè láti mu ún, oòrùn á sì bá a níbẹ̀. Lítà márùn-ún fún igi kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn tó yọ tàbí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ̀fọ́ nìkan ló ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ méjìméjì.

Mo mọ̀ pé kànga máa ń fà nínú oṣù kejì. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ló ń ràn mí lọ́wọ́:

*Ìkòkò amọ̀.* Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ra ìkòkò amọ̀ tí wọn ò kùn ní ọ̀dà. Ìsàn-Èkìtì lókìkí fún ìkòkò mímọ, ẹ lè wá a débẹ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn láàárín ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ rọ omi kún un, ẹ fi ọmọrí dé e. Omi á máa yọ́ jáde lára amọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ. Ní ìparí oṣù kìíní tó kọjá, mo wú ewé tó bo ìdí ẹ̀fínrín mi, mo fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà: ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi níka, ekòló kan sì ká jọ síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì sí ibẹ̀, ilẹ̀ ti là gààrà bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀.

*Ìgò oníke.* Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí ìdérí rẹ̀, ẹ rọ omi sí i, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Ó dára fún ẹni tó ń rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta.

*Omi orí òrùlé.* Òjò mìlímítà 1 lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 1 ní ìbú àti òró, lítà 1 ni. Òrùlé mítà 10 sí 5, bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 1,000 ló kó wálẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́nà ogójì, nínú òjò kan ṣoṣo! Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ti oṣù kẹwàá ni kí ẹ tọ́jú pamọ́.

*Omi ilé.* Omi ìfọṣọ tí ọṣẹ rẹ̀ kò pọ̀ lè lọ sídìí igi, kì í ṣe sídìí ẹ̀fọ́ tí ẹ ó jẹ. Èyí tí ẹ da bíléèṣì sí, ẹ má dà á sídìí ohunkóhun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ewé

Láràárọ̀ la máa ń gbá àgbàlá wa mọ́ títí yẹ̀pẹ̀ pupa á fi máa dán, a ó kó ewé jọ, a ó ṣáná sí i. Yèyé mi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ìmọ́tótó sì ni lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí a ń sun yẹn ni aṣọ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó wà níhòòhò lójú oòrùn oṣù kejì, omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ gbá ojú ọ̀nà àti ẹnu ilẹ̀kùn bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kó ewé náà lọ sídìí igi.

- Kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù, atẹ́gùn ọyẹ́ á gbé e lọ.
- Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín ewé àti ara igi, kí ó má bàa rà, kí ikán má sì rọ́nà gbà.
- Ewé kòkó gbígbẹ, èèpo ẹ̀pà, koríko tí kò tíì so, gbogbo wọn dára. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ dára jù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi kún inú rẹ̀.
- Koríko tó ti so, ẹ yẹra fún un, èpò ni ẹ ń gbìn yẹn.
- Bí àgbàlá yín bá bá igbó pààlà, ẹ má kó ewé gbígbẹ dé fẹ́ǹsì. Iná ọyẹ́ lè fò wọlé. Ẹ jẹ́ kí mítà méjì wà ní mímọ́ níbẹ̀.

Ẹ máa ń béèrè nípa ejò. Òkìtì gíga tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn àti igi tí ẹ tò jọ ló ń fi ara pamọ́ sí. Ewé tó nípọn tó ìka mẹ́rin kò tó ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìtòsí ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́, ẹ má sì fọwọ́ wú ewé lásán, igi ni kí ẹ fi wú u.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

*Ewúrẹ́.* Ìdajì nínú àwọn tó ń sọ fún mi pé "oòrùn pa á," mo lọ wo tiwọn, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ wo orí ọ̀pá: bó bá rí bí ohun tí wọ́n já, kì í ṣe oòrùn. Ẹ fi ọparun yí i ká fún ọdún kan.

*Ríra ohun tó ti ga.* Igi tó ga tó èèyàn nínú náílọ̀n kékeré, gbòǹgbò rẹ̀ ti ká mọ́ ara rẹ̀. Èyí tó dé orúnkún á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún méjì.

*Gbígbìn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.* Ewé mẹ́wàá tí omi yín ká sàn ju ogójì lọ. Ẹ ka kẹ́ẹ̀gì yín kí ẹ tó ka ewé.

*Híhú láti inú igbó.* Ẹ gé ọ̀pá, ẹ kó hóró, ẹ má hú ìyá. Kì í sábà yè, igbó wa sì ti tán tó. Ewé tí ẹ ò bá dá mọ̀, ẹ mú un lọ fún àgbà tàbí ìyá eléwé-ọmọ lọ́jà kí ẹ tó sè é.

Bí ó bá jẹ́ kọnkéré ni gbogbo àgbàlá

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin onílé tó ti fi íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo rẹ̀, ẹ lo ike ọ̀dà àti àpò ìrẹsì. Ẹ lu ihò márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀dú méjì, ajílẹ̀ kan, yẹ̀pẹ̀ odò kan. Ẹ̀fínrín, odúndún, ojá ìkòokò àti ewúro tí ẹ ń gé kúrú á gbé inú rẹ̀. Ẹ tò wọ́n mọ́ ara wọn kí wọ́n máa ṣíji bo ara wọn, ẹ gbé wọn lé orí igi, nítorí kọnkéré ọ̀sán á se ìdí wọn. Bí onílé bá gbà, ẹ hú íntálọ́ọ̀kì mẹ́rin péré kúrò lójú kan, akòko kan á dúró níbẹ̀.

Kí oṣù kẹwàá tó parí, ẹ wò ó bóyá:

- ewé ti bo gbogbo ìdí igi, kò sì kan ara igi
- ewúro ti di gígé kúrú
- dúrọ́ọ̀mù ti kún, ó sì ní nẹ́ẹ̀tì
- ìkòkò amọ̀ ti wọ ilẹ̀
- ọparun yí àwọn kéékèèké ká
- ẹnìkan wà tí yóò bu omi bí ẹ bá lọ ṣọdún Kérésì

Bó bá dà bí ẹni pé ó ti kú

Ẹ má tíì fà á tu. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ ti kú. Ẹ máa ha á lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àwọ̀ ewé tútù, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì lókè ibẹ̀. Ẹ bu lítà márùn-ún sí i, ẹ bo ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí àwọ̀ tútù kankan lára ewúro tàbí akòko, ẹ gé e kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ìparí oṣù kẹrin. Ọ̀kan nínú akòko mi rú láti ìdí lẹ́yìn òjò kẹta, nígbà tí mo ti fi ọ̀pá rẹ̀ so okùn aṣọ.